Epo Tí Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán Wò

Ọjọ́ Ajé, 1 Júùnù, 1987

Lẹ́tà ti dé. Ọjọ́bọ̀, 2 Júláì, aago mẹ́wàá àárọ̀, níwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìdánwò láísẹ́ńsì. Ìgbà kẹta rèé.

Jígí pè mí sí ọ́fíìsì. Jígí ni mò ń pe Ọ̀gá Owólabí, olórí àwọn ẹnjiníà wa, nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò — ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, ta ló fẹ́ kú? Ó ní, "Ìbíyẹmí, iléeṣẹ́ ò ní í rán ẹ lẹ́ẹ̀kẹrin. Tó o bá tún fìdí rẹmi, inú sítọ́ọ̀ lo máa padà sí, wàá máa pín sípánà." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọdún mẹ́fà ni mo lò nínú sítọ́ọ̀ yẹn kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ̀ òfurufú. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn fítà mẹ́rìnlá tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọn ò tíì fún obìnrin kankan ní láísẹ́ńsì níléeṣẹ́ wa rí. Tí mo bá gbà á, èmi náà á lè fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ yìí dára, kó máa gbéra. Ohun tí mò ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn.

Ibi kan náà ló sì ń gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì: ọ̀nà tí epo ń gbà láti inú táǹkì dé ẹ́ńjìnnì. Lọ́dún tó kọjá, onírùngbọ̀n inú ìgbìmọ̀ yẹn wo àwòrán tí mo yà, ó ní, "Madam, kí lo gbàgbé?" Mo wò ó, mo tún un wò. Mi ò rí nǹkan kan tí mo gbàgbé. Ó ní kí n máa lọ.

Mo ra ìwé yìí ní Okokomaíkò bí mo ṣe ń bọ̀ nílé. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń ráhùn. Akínwándé ọkọ mi ń gbọ́ tèmi, àmọ́ káfíńtà ni. Tí mo bá ti dárúkọ fáàfù kejì, á ti máa hanrun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Júùnù

Mo kàwé. Mo sùn lé ìwé lórí. Itọ́ mi wà lójú ewé kẹtàdínlógójì.

Ọjọ́bọ̀, 4 Júùnù

Akínwándé ní bàbá kan wà ní Ìbà tí òun kan àga fún, Bàbá Adéníran. Wọ́n tún ọkọ̀ òfurufú ṣe fún bí ogójì ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lọ bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́ mi — kò tíì sọ fún èmi o! Inú bí mi. Mo ní ta ló ní kó gbé ìtìjú mi lọ sí Ìbà? Ó ní ìtìjú kọ́, ìdánwò ni.

Nígbà tí mo máa bu oúnjẹ, mo fi ẹran kún tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Júùnù

Mo dé Ìbà láago mẹ́sàn-án. Bàbá Adéníran (Bàbá Ìbà ni màá máa pè wọ́n níbí) tín-ín-rín, wọ́n gbẹ, ojú wọn mú kankan. Mo yọ ìwé jáde. Wọ́n ní kí n dá a padà sínú báàgì. Wọ́n ní, "Òyìnbó tó o há sórí yẹn ti tó. Ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó mi ní Yorùbá."

Ìyàwó wọn, Ìyá Àdìjá, jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní táǹkì wà nínú ìyẹ́ ọkọ̀, tọ̀tún tòsì, pọ́ǹpù kan wà nínú táǹkì tó ń ti epo jáde. Ìyá Àdìjá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Tí epo bá ti jáde, kí ló ń bọ́ sí àyè rẹ̀?"

Mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò fẹ́ wọ̀ lẹ́nu.

Bàbá Ìbà wọlé, wọ́n mú mílíìkì agolo jáde, wọ́n fi ìṣó lu ihò kan péré sí i lórí, wọ́n ní kí n dà á sínú kọ́ọ̀pù. Mo dorí ẹ̀ kodò. Ó kán lẹ́ẹ̀kan, ó kán lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Mo gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní, "Má gbọ̀n ọ́n. Ṣé o máa gbọn ọkọ̀ òfurufú lókè ni?" Wọ́n lu ihò kejì sí i. Mílíìkì dà ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Yéè! Láti kékeré ni mo ti ń lu ihò méjì sórí mílíìkì. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ihò kejì ni mo gbàgbé níwájú ìgbìmọ̀ — ihò ìmí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táǹkì bí epo ṣe ń jáde. Tó bá dí, kódà kí epo kún táǹkì dẹ́nu, ẹ́ńjìnnì á máa fà, kò ní í rí mu, táǹkì fúnra ẹ̀ á máa sún kì. Ọdún méjì gbáko! Orí mi wú. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún àwọn méjèèjì, Ìyá Àdìjá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù.

A fi mílíìkì náà mu tíì. Inú mi dùn dé ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Júùnù

Ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọpẹ́ jáde wá. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun mi, mo dúpẹ́ fún agolo mílíìkì. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 10 Júùnù

Mo gbọ́dọ̀ kọ nípa Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán, nítorí ó dà bíi pé Bàbá Ìbà nìkan ni mò ń gbóríyìn fún.

Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé, Okokomaíkò la ti jọ ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọn ò kàwé, ojú iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé kí n gbé etí lé abẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀ kí n gbọ́ bí pọ́ǹpù ṣe ń kùn: "Tó bá ń kùn bí oyin, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Tó bá ń hu, pa á." Kò sí nínú ìwé kankan.

Káàdì àyẹ̀wò àárọ̀ nìkan ni wàhálà wọn, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ọdún mẹ́rin rèé tó jẹ́ pé àwọn á yẹ ọkọ̀ wò, èmi á máàkì káàdì, àwọn á wá kọ "Ọ" rogodo sísàlẹ̀. Ọ yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Wọn kì í béèrè ohun tí mo máàkì. Mo máa ń bá wọn ṣàwàdà pé ọjọ́ kan màá ta ilé wọn ní Ọ̀jọ́ fún ẹlòmíì, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tó o bá rí ẹni tó máa rà á, òrùlé ń jò o."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Júùnù

Ìbà. Wọ́n ní kí n ka ìdílé epo bí ẹni tó ń ka orúkọ bàbá ńlá ẹ̀. Mo kà á títí ó fi wọ̀ mí lára: ẹnu táǹkì, táǹkì, ihò ìmí, pọ́ǹpù inú táǹkì, fáàfù tí wọ́n fi ń pa á tí iná bá ń jó, fílítà, pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì, òṣùwọ̀n tó ń wọn ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì máa mu, imú tó ń fín in, iná. Tí ẹ́ńjìnnì òsì bá kú, páìpù àárín á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọ̀tún mu nínú táǹkì òsì pẹ̀lú, kí ìyẹ́ kan má baà wúwo ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n bu kẹrosíìnì inú sítóòfù Ìyá Àdìjá sínú ìgò, wọ́n da omi díẹ̀ sí i. Omi rọra sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sísàlẹ̀ bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Wọ́n ní ọ̀tá ọkọ̀ òfurufú nìyẹn. Bí táǹkì bá ṣófo dé ìdajì mọ́jú, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á làágùn, omi á kán sísàlẹ̀. Ibi tí pọ́ǹpù sì ti ń fà nìyẹn. Lókè, òtútù á sọ ọ́ di yìnyín, yìnyín á dí fílítà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fa díẹ̀ láti ìdí táǹkì sínú ìgò láràárọ̀, ká fojú ara wa wò ó. Wọ́n tún un sọ: "Fojú ara rẹ wò ó."

Mo ní mo mọ̀ ọ́n, sà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Júùnù

Òjò. Òjò. Gbogbo Okokomaíkò ti di odò. Mo gbé bàtà lọ́wọ́ dé ìdí bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́bọ̀, 18 Júùnù

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Ìta ni ọkọ̀ kékeré wa, oníjókòó mẹ́jọ, sùn, nítorí òmíràn wà nínú ilé iṣẹ́ lórí jáàkì. Epo inú ẹ̀ ò ju ìdajì lọ. Láago méje, Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán lọ yí i ká nínú òjò wẹliwẹli, èmi dúró lábẹ́ òrùlé, káàdì lọ́wọ́ mi. Wọ́n pariwo láti ọ̀hún: "Ìbíyẹmí! Mo ti wo epo o! Tọ̀tún tòsì, ó dáa!" Mo máàkì ẹ̀: a ti fa ìdí táǹkì méjèèjì, kò sí omi. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tó bá fà á nínú àwa méjèèjì á gbé ìgò wá kí èkejì wò ó. Òjò ni. Mi ò béèrè ìgò.

Ẹnì kan pe Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n wá wo táyà ọkọ̀ tó wà nínú ilé. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n kọ Ọ wọn, wọ́n lọ. Èrò mẹ́fà wọ ọkọ̀ kékeré náà, wọ́n ń lọ sí Ìlọrin. Kápítéènì Ọlálékan gba káàdì, ó wọlé ó tìlẹ̀kùn.

Mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná ni Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán dé, wọ́n ń nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Kẹ́rọ́ tó o fà lónìí, omi á pọ̀ nínú ẹ̀ gan-an, àbí? Òjò yìí mà pọ̀."

Mo ní, "Kẹ́rọ́ wo? Ẹ̀yin lẹ fà á."

Wọ́n ní, "Èmi? Epo ni mo ní mo wò."

Mo rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́nu tèmi, ohun tí ọkọ̀ ń mu ni epo. Èyí tó ń jẹ́ kí irin ẹ́ńjìnnì yọ̀, ọ́ìlì là ń pè é. Lẹ́nu tiwọn, èyí tó ń jẹ́ kí irin yọ̀ ni epo. Ohun tí ọkọ̀ ń mu, kẹ́rọ́ ni, nítorí kẹrosíìnì ni lóòótọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì méjèèjì ni wọ́n wò. Wọ́n fi ti táǹkì sílẹ̀ fún èmi tí káàdì wà lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́rin la fi ń sọ "epo" fún ara wa tí a ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ lohun tí kálukú ń sọ! Ìgò tá a jọ ń wò ló ń gbà wá.

Mo ju kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Mo sáré. Ẹ́ńjìnnì òsì ti ń yí. Mo dúró sí iwájú níbi tí Kápítéènì ti lè rí mi, mo gbé apá méjèèjì sókè, mo gbé wọn dábùú ara wọn — pa á, pa á! Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí. Mi ò kúrò. Ó pa á.

A sọ èrò kalẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sínú omi òjò lábẹ́ ìyẹ́ òsì, mo gbé ìgò sídìí táǹkì. Omi gba ìdajì ìgò. Omi! Ìgò mẹ́rin ká tó rí kẹ́rọ́ tó mọ́. Wọ́n gbéra lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀ láyọ̀.

Olúwa, o ṣé. O ṣé, o ṣé. Inú ìgò ni mo ti rí omi yẹn, kì í ṣe nínú ìròyìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Júùnù

Mi ò kọ gbogbo ẹ̀ tán lánàá. Ìtìjú ni.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, gbogbo wọn ń gbá mi lẹ́yìn. "Obìnrin bí ọkùnrin!" Jígí gba káàdì, ó rí máàkì, ó rí Ọ. Ó ní, "Ọláìtán, o fọwọ́ sí i pé o fa táǹkì." Ẹ̀gbọ́n ní, "Epo ni mo wò, sà." Jígí ní, "Ṣé fúẹ́ẹ̀lì kọ́ lepo ni?" Ẹ̀gbọ́n wo káàdì náà bí ẹni tó ń wo ojú ẹni tí ò mọ̀. Wọn ò lè ka ohun tí wọ́n fi ń dá wọn lẹ́bi.

Máàkì ò ní orúkọ lára. Èmi ni mo máàkì ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀.

Lónìí, iléeṣẹ́ ní kí Ẹ̀gbọ́n lọ jókòó sílé. Wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé, 29, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n lé wọn dànù. Ó ku ọdún mẹ́ta kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Jígí ní òun á kọ lẹ́tà ìyìn mọ́ ìwé mi, ìgbìmọ̀ á rí i kí n tó wọlé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi — mi ò mọ̀ pé eyín rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Júùnù

Mo sọ ìtàn náà fún Bàbá Ìbà. Mo sọ bí mo ṣe sáré, bí mo ṣe gbé apá sókè. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ta ló mú báírò?"



Wọ́n ní ẹ̀kọ́ parí lónìí. Kí n padà wá nígbà tí mo bá ti sọ tẹnu mi níbi tó yẹ kí n sọ ọ́. Ìyá Àdìjá sìn mí dé títì. Wọn ò bá mi wí, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Júùnù

Mi ò lè jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọjá sí Ọ̀jọ́, sílé Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán. Wọn ò sí nílé. Ìyàwó wọn, Ọmọ́yẹni, tó ń ta aṣọ nínú ọjà Cantonment, ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ — ó jù mí lọ, ó kúnlẹ̀ fún mi! Ó ní, "Ìbíyẹmí, Ọlọ́run á gbé ẹ ga. Tí kì í bá ṣe ìwọ, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni ìbá wà lọ́rùn ọkọ mi." Ó ní wọn ò jẹun láti ọjọ́bọ̀. Wọ́n kàn ń tún un sọ pé, "Bóyá mo ti darúgbó. Bóyá mo wí ohun tí mi ò ṣe."

Wọ́n ti ń gbà á gbọ́ pé àwọn jẹ̀bi.

Mo fà á dìde. Mi ò lè sọ ọ́ fún un. Mo sáré jáde bí olè. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún Akínwándé, gbogbo ẹ̀. Mo ní tí mo bá jẹ́wọ́, láísẹ́ńsì lọ nìyẹn. Kò hanrun rárá. Ó ní, "Ìwọ ló máa máa fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ dára. Ṣé èmi á lè wọ èyí tó o bá fọwọ́ sí?"

Ẹni tó bá ní irú ọkọ báyìí, kó dúpẹ́. Inú rẹ̀ á sì bí i.

Ọjọ́ Ajé, 22 Júùnù

Mo kọ ojú ìwé méjì. Mo kọ pé èmi ni mo máàkì káàdì láìfojú rí; pé Ọláìtán Àjàyí ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo máa ń kọ ọ́; pé ohun tó pè ní epo ni ọ́ìlì, òótọ́ ló sọ, èmi ni mo gbọ́ ọ sódì. Mo fọwọ́ sí i.

Jígí kà á. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní, "Tí mo bá gba èyí, ó gbọ́dọ̀ lọ sínú ìwé rẹ. Ìgbìmọ̀ á kà á. Ìbíyẹmí, mo fẹ́ kó o gba láísẹ́ńsì yìí ju bó o ṣe rò lọ." Ó ti ìwé náà sún mọ́ mi lórí tábìlì. "Tó o bá gbé e báyìí, mi ò tíì rí nǹkan kan."

Ó wù mí kí n gbé e! Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi. Ọwọ́ mi ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rántí Ọmọ́yẹni lórí eékún.

Mo ní, "Ẹ gbà á, sà." Mo jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Júùnù

Kò sẹ́ni tó gbá mi lẹ́yìn lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Júùnù

Ọjọ́ ìmọ́tótó. Mò ń kó ẹrẹ̀ jáde nínú gọ́tà, ara mi rí bákan ṣáá. Bí aago mẹ́wàá ṣe kọjá tí wọ́n ní kí èèyàn máa rìn, ta ni mo rí? Bàbá Ìbà, pẹ̀lú agboòrùn, ní Okokomaíkò! Akínwándé ló lọ sọ fún wọn. Wọ́n jókòó lórí àga tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, wọ́n ní, "Ìdílé epo. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu táǹkì." Wọn ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yòókù rárá. Mo ń ka fílítà ni ẹkún gbọ̀n mí. Wọ́n ní, "Máa sunkún lọ, ṣùgbọ́n má fo pọ́ǹpù."

Ọjọ́bọ̀, 2 Júláì

Ọkùnrin mẹ́ta. Onírùngbọ̀n ló jókòó láàárín. Ìwé ìjẹ́wọ́ mi ló wà lókè gbogbo ìwé yòókù.

Ó bi mí bóyá ẹnì kan ló fipá mú mi kọ ọ́. Mo ní rárá, sà. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tó lè kó bá mi. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, sà. Gẹ̀ẹ́sì la ti ń sọ bọ̀, àfi bó ṣe yà sí Yorùbá lójijì: "Nílé tiyín, kí lẹ ń pe fúẹ́ẹ̀lì?" Epo, sà. "Ọ́ìlì ńkọ́?" Àwọn mìíràn ń pe òun náà ní epo, sà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn fa báírò yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí n ya ọ̀nà epo. Mi ò fo nǹkan kan. Ihò ìmí ni mo kọ́kọ́ yà, mo tiẹ̀ yà á tóbi jù. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè fún wákàtí kan. Mo dáhùn gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ, lẹ́tà á dé.

Bó bá ṣe wù kó rí, Olúwa, o ṣé. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Júláì

Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán, wọ́n sì ti dá wọn láre. Wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, 13. Mo jó nínú yàrá. Akínwándé ní kí n rọra, àpótí òun ò tíì gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 13 Júláì

Jígí fún mi ní lẹ́tà láàárọ̀. Mo kà á lórí ìdúró.

Mo yege. Gbogbo ẹ̀, títí kan epo. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí, wọn ò ní í fún mi ní láísẹ́ńsì títí di Júláì ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n má tún ìdánwò ṣe, kí n kàn wá gbà á. Títí dìgbà náà, mi ò gbọ́dọ̀ máàkì káàdì kankan. Jígí ní inú sítọ́ọ̀ ni kí n wà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ọdún kan. Mo sunkún díẹ̀ láàárín àwọn sípánà. Lẹ́yìn náà, mo nu ojú, mo ṣí fèrèsé. Ọdún kan ò pọ̀ jù fún ẹ̀mí èrò mẹ́fà. Mo dúpẹ́, mi ò ṣe ojú ayé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí fèrèsé náà ni Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn káúńtà níbi tí wọn ò ti lè rí mi dáadáa, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, eruku wà nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà jẹ̀bi, ta ló ní kí àwọn máa fọwọ́ sí ohun tí àwọn ò gbọ́? Wọ́n ní kí n fún àwọn ní sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo yí ìwé náà sọ́dọ̀ wọn, mo na báírò sí wọn.

Wọ́n gba báírò. Wọ́n ti gbé e lé ìwé, wọ́n tún gbé e sókè. Wọ́n rọra yí ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Ka ohun tó o kọ fún mi ná."

Mo kà á fún wọn.